Táyà fífẹ̀ tí mo gbé sí Celica mi, àti ohun tí ojú mi rí lẹ́yìn òjò

Ẹ̀yin ará mi, mo rí i pé ẹni méjì níbí ń múra láti pààrọ̀ táyà ọkọ̀ wọn sí fífẹ̀ kí Ojúde Ọba tó dé. Èmi náà ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí ẹ tó náwó.

Toyota Celica GT 2001 ni mo ń wà. Táyà 195/60R15 ni wọ́n fi ṣe é láti ilé iṣẹ́: 195 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 60 nínú 100 fífẹ̀ náà, 15 sì ni ìwọ̀n rímù ní íńṣì. Ó máa ń dùn mí pé bí mo bá gbé e síta, táyà á rì sínú fẹ́ńdà bí ẹsẹ̀ ọmọdé nínú bàtà àgbà. Mo bá ra rímù 17 àti táyà 225/45R17, àlòkù ni méjèèjì, mo gbé wọn sí i lọ́sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá. N ò ní purọ́ fún yín, ó rẹwà. Lórí títì gbígbẹ náà, ó dì mọ́ ilẹ̀. Kọ́nà tí táyà àtijọ́ ti máa ń ké lójú ọ̀nà Àgọ́-Ìwòyè, eléyìí gbà á kọjá láìfọhùn.

Àmì wàhálà àkọ́kọ́ ni ariwo tí mo ń gbọ́ bí mo bá yí sítẹ́rìn tán pátápátá. Mo ti ọwọ́ bọ inú fẹ́ńdà, ìyẹ̀fun dúdú kún ìka mi, ibì kan níbẹ̀ sì ń dán bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Táyà ti ń ha á.

Èkejì ni ọ̀nà Ṣágámù sí Benin. Ẹ mọ bí tírélà ṣe tẹ ojú ọ̀nà yẹn di poro. Táyà tóóró á rìn nínú poro jẹ́jẹ́. Tèmi, etí kan wà nínú poro, èkejì ń gun ebè, ọkọ̀ wá ń fà mí sọ́tùn-ún sósì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe àláímẹ́ǹtì, owó lásán ni. Aago eré pàápàá ń tàn mí: táyà fífẹ̀ yìí ga ju ti ìṣáájú lọ ní nǹkan bíi mìlímítà 19, nítorí náà bí aago bá ka 100, nǹkan bí 103 ni mo ń sá ní tòótọ́.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù keje, mo ń bọ̀ láti Ṣágámù, àbúrò mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òjò ti dá, ṣùgbọ́n omi ṣì dúró nínú poro. 90 ni mo ń sá, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìyànà Odògbolú. Lójijì sítẹ́rìn fúyẹ́ lọ́wọ́ mi, bí ìgbà tí okùn bá já mọ́ ẹni tó ń fa omi nínú kànga lọ́wọ́. Ẹ́ńjìnnì pariwo sókè, bẹ́ẹ̀ n ò fi ẹsẹ̀ kún un. Mo yí sítẹ́rìn díẹ̀ sọ́tùn-ún, ọkọ̀ kò dá mi lóhùn. Ọlọ́run ló ní kí n má tẹ bíréèkì. Mo rọra ká ẹsẹ̀ kúrò. Ìgbà tí táyà tún kan ilẹ̀, ọkọ̀ fò sí apá ọ̀tún tí mo ti yí i sí, a dúró sínú koríko. Àbúrò mi kò sọ ọ̀rọ̀ kan títí a fi délé.

Bàbá fọ́kánáísà kan ní Garáàjì Ìbàdàn ló là mí lójú. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ìwọ̀n ọkọ̀ rẹ kò yí padà o. Ẹrù kan náà ni táyà ń rù, o kàn tẹ́ ẹ fẹ̀ ni.” Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ lójú omi á tètè yé e. Bí o bá fi etí àjẹ̀ gé omi, ó wọlé wẹ́rẹ́. Bí o bá fi ojú rẹ̀ tó fẹ̀ lé e, omi á tì í padà. Omi tí táyà fífẹ̀ gbọ́dọ̀ lé kúrò níwájú rẹ̀ pọ̀ ju ti tóóró lọ. Bí kò bá rí i lé tán, orí omi ló máa léfòó.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí n di gbogbo ẹ̀bi ru fífẹ̀. Bàbá fi ìka tọ nọ́ńbà mẹ́rin lára táyà náà hàn mí: 2215, ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ 22 ọdún 2015 ni wọ́n ṣe é. Ìlà ojú rẹ̀ tí omi ń gbà jáde kò sì jìn tó mìlímítà 2 mọ́, nígbà tí tuntun máa ń tó bíi 8. Ẹni tó tà á fún mi kò sọ, èmi náà kò sì wò ó.

Mo padà sí 195/60R15, tuntun. Lóṣù kẹsàn-án mo gba ìyànà Odògbolú yẹn nínú òjò, sítẹ́rìn dúró lọ́wọ́ mi gírígírí. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ rímù 17, 215/45 sún mọ́ gíga ti ilé iṣẹ́ ju 225/45 lọ. Ẹ jẹ́ kí ènìyàn jókòó kún ọkọ̀, kí ẹ yí sítẹ́rìn tán sí ọ̀tún àti sí òsì, kí ẹ wò ó bóyá táyà ń ha fẹ́ńdà, kí ẹ tó sanwó.

Ará Ìkẹ́nnẹ́:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu. BMW 325Ci ni tèmi, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń fi rìn. Ẹ̀yìn nìkan ni mo fi táyà fífẹ̀ sí, torí wọ́n ní kò ní yọ̀ mọ́. Lóòótọ́ kò yọ̀. Ṣùgbọ́n ní kọ́nà kan lọ́nà Ìlíṣàn, mo yí sítẹ́rìn, iwájú kọ̀, ó ń lọ gbọọrọ títí mo fi dẹ ẹsẹ̀. Ẹ̀yìn ti lágbára ju iwájú lọ. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo padà ṣe ní ìwọ̀n kan náà.

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Igbó:
Kòtò ni ìyọnu tèmi. Ẹ̀gbẹ́ táyà yẹn kúrú, kò sí ohun tó máa gba ìkọlù fún rímù. Méjì ló tẹ̀ láàárín Orù síbí. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti ta rímù 17 yẹn?

Èmi:
Rárá o, ìyá wa. Ó wà nílé. N ò ní tà á pẹ̀lú táyà yẹn fún ẹnikẹ́ni; mo ti gé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹlòmíràn má baà gbé wọn sẹ́sẹ̀ ọkọ̀.