Èsì: "afikun" kọ́ ni appositive o, ẹ má fi kọ́mà lé ìyàwó bàbá mi jáde

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa ará Ìjẹ̀bú Òde kọ tó ẹ̀ẹ̀mẹta láti àná, pé ká máa pe ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní appositive (ìyẹn orúkọ tàbí ọ̀rọ̀ tí a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ míì láti tún pe ẹni tàbí nǹkan kan náà) ní "ọ̀rọ̀ afikun", àti pé gbogbo ọ̀rọ̀ afikun ló ń gba kọ́mà méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ó parí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí, kò parí.

Àkọ́kọ́ ná, àmì ohùn dà? Ṣé kún ni àbí kun àbí kùn? Tó bá jẹ́ kún, a fi nǹkan kún nǹkan nìyẹn. Tó bá jẹ́ kun, ẹni tó ń kun ilé lọ́dà ni. Tó bá jẹ́ kùn, èmi gan-an ni, torí mo ti ń kùn láti àárọ̀. Ẹ má sọ fún mi pé ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ tuntun ni, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí, ibo la ti fẹ́ mọ̀ ọ́n?

Ká tiẹ̀ gbà pé àfikún lẹ ní lọ́kàn. "Kún" yẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Tí mo bá bu gàrí kún gàrí, gàrí á pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n tí mo bá kọ ọ́ pé "Awolowo, the first Premier of the Western Region, was born in Ikenne in 1909", èèyàn mélòó ni wọ́n bí ní Ìkẹ́nnẹ́? Ẹnì kan ṣoṣo náà ni. Awólọ́wọ̀ ni Pírẹ́míà, Pírẹ́míà ni Awólọ́wọ̀, a kàn pe èèyàn kan lẹ́ẹ̀mejì ni, kí ló wá kún kí ni?

Àbúrò wa tó wà ní Ìlíṣàn ní tiẹ̀ lọ tú Látìn wò, ó ní ohun tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ nǹkan ló túmọ̀ sí, torí náà ká pè é ní "ọ̀rọ̀ ìfarakínra". Òótọ́ lo sọ nípa Látìn, àbúrò mi, ṣùgbọ́n ìfarakínra kẹ̀? Èyí tí wọ́n ní ká yẹra fún ní 2020 nítorí Kòrónà? Mo rẹ́rìn-ín títí ìyàwó mi fi jáde wá wò mí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, torí orúkọ tí wọ́n sọ nǹkan yìí ló ṣi òfin kọ́mà wọn lọ́nà. Ohun tí a bá ti pè ní àfikún, ọkàn èèyàn á ti gbà pé yíyọ ló ṣe é yọ, tó bá sì ṣe é yọ, kọ́mà méjì ló tọ́ sí i lóòótọ́. Èyí tí kò ṣe é yọ wá ńkọ́?

Bàbá mi fẹ́ ìyàwó mẹ́ta. Nígbà tí mo wà ní fọ́ọ̀mù tú, wọ́n ní ká kọ àròkọ nípa ìdílé wa, mo kọ ọ́ pé "My father's wife, Sabitiu, sells adire." Tíṣà wa, ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tèmi, pè mí síwájú kíláàsì, ó ní, "Ìyàwó mélòó ni bàbá ẹ ní?" Mo ní mẹ́ta, sà. Ó ní, "Kọ́mà tí o kọ yìí ní ẹyọ kan ni. Ìyá tó bí ọ wá ńkọ́, ṣé ọmọ ọ̀dọ̀ ni?" Gbogbo kíláàsì pariwo. Ó fi bírò pupa pa kọ́mà méjèèjì rẹ́, "My father's wife Sabitiu sells adire" ló kù. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé tí ọ̀pọ̀ bá wà, tó jẹ́ orúkọ yẹn ló ń sọ èwo nínú wọn, kọ́mà ò gbọdọ̀ débẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, bíi "My mother, Raliatu, comes from Isara", kọ́mà méjì ni, torí ìyá kan ló bí mi, o yọ orúkọ ẹ̀ o, o ò yọ ọ́ o, òun náà ni. Òfin ẹ̀gbọ́n yìí ti fi kọ́mà lé ìyàwó méjì jáde nílé bàbá mi, bàbá á sì jà ká ní ó wà láyé.

Ohun kan náà ló fà á tí a fi ń kọ "the Nobel laureate Wole Soyinka" láìsí kọ́mà, torí àwọn tó gba ẹ̀bùn yẹn pọ̀ lọ jàra, ṣùgbọ́n "the first African to win the Nobel Prize in Literature, Wole Soyinka, won it in 1986" gba kọ́mà méjì, ẹni àkọ́kọ́ ò lè jẹ́ méjì. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń fojú fo kọ́mà tí orúkọ bá kúrú, pàápàá tó bá jẹ́ ìbátan ni, mi ò bá wọn jà. Àwọn tí mò ń bá jà ni àwọn tó ń ṣí kọ́mà tí wọn ò ní pa á dé, "Awolowo, the first Premier of the Western Region was born", ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀. Tí kọ́mà bá sì ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà fúnra ẹ̀, ẹ fa ìlà gbọọrọ sí i lọ́tùn-ún lósì: "Three Remo towns—Ikenne, Iperu and Sagamu—sent players." Ẹ fi kọ́mà síbẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó bóyá ìlú mẹ́ta ni tàbí mẹ́fà.

Orúkọ tí èmi mú wá ni àlàjẹ́. Orúkọ míì téèyàn ń jẹ́, tí òun náà sì ni. Ládùúgbò wa ní Ìpẹ̀rù, Sulé méjì ló wà, Sulé mẹkáníìkì àti Sulé bẹ́rẹ́dì, ẹ yọ mẹkáníìkì kúrò kẹ́ ẹ wo ẹni tó máa wá tún mọ́tò yín ṣe. Ìyá ìyá mi ní Ìjẹ̀bú Igbó, tí kò mọ A yàtọ̀ sí B, tí wọ́n bá ń ki wa, "Ìjẹ̀bú ọmọ Alárè, ọmọ Awùjalẹ̀", wọ́n á mí díẹ̀ kí wọ́n tó mú ìkejì. Èémí yẹn ni kọ́mà. Àlàjẹ́ lórí àlàjẹ́ ni oríkì, kò sí àfikún kankan níbẹ̀.

Ẹnì kan bi mí lánàá pé ta ló fún mi láṣẹ láti máa ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó fún mi, ta ló fún ìwọ náà? Mo ti kọ́ ọmọ ilé ìwé ní Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá fún ọdún mọ́kànlélógún, bí ìyẹn ò bá tó, kò tó. Ṣebí ẹ mọ̀ pé tọ́jà ò bá ti jẹ́ ojúlówó, "Ìjẹ̀bú" ni wọ́n ń pè é lọ́jà, ẹ wá fẹ́ kí wọ́n máa pe ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀dá náà bẹ́ẹ̀?

Ẹni tó bá ní èyí tó dáa ju àlàjẹ́ lọ kó gbé e wá, ṣùgbọ́n kó fi àmì ohùn sí i. Ẹni tó sì yọjú sí àárín ọ̀rọ̀ wa láti sọ pé ìfọ́kọrẹ́ ló tọ̀nà, pé ìkọ́kọrẹ́ kọ́, mo rí ọ. Ewùrà wà lórí iná báyìí, tí mo bá jẹun tán màá dá ọ lóhùn.