Kí ni "padà" ń wá nínú ara agbérin?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè wa. Mo ti ka àtòkọ ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ máa lò fún eré irin gbígbé, mo sì ti ka àbá tí ẹ̀gbọ́n fi síta, pé kí a máa pe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ara agbérin láàárín ìdánrawò kan sí èkejì (recovery lédè Gẹ̀ẹ́sì) ní "ìkọ́fẹpadà". Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n n kò lè gba ọ̀rọ̀ yẹn wọlé.

Ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ ló ń kọ́fẹ padà. Bí ibà bá lọ, tí aláìsàn dìde jókòó, tó bèèrè oúnjẹ, ìgbà náà làwọn àgbà tó tọ́ mi máa ń ní, "Ó ti ń kọ́fẹ padà o." N kò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí nípa ẹni tí ara rẹ̀ le.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ fi ti àìsàn sílẹ̀. "Padà" yẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Iye tí a yá la ń dá padà, ibi tí a ti kúrò la ń padà sí. Ara agbérin kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá gbé irin lé èjìká, tó lóṣòó, tó dìde, tó tún lóṣòó, agbára rẹ̀ á lọ sílẹ̀: fọ́nrán iṣan á ya wẹ́wẹ́, ṣúgà tí iṣan fi pamọ́ á dín kù, kódà àwọn iṣan tó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ á rẹ̀. Bó bá wá sùn dáadáa, tó sì jẹun tó ní purotéènì tó, ara á tún ibi tó ya ṣe, á sì fi díẹ̀ lé ti tẹ́lẹ̀. Orí díẹ̀ yẹn ni gbogbo eré náà dúró lé. Bí ara bá kàn ń padà ni, ta ni ìbá kúrò lórí ọ̀pá 20 kg lásán tí àwọn ọkùnrin fi ń kọ́ ọ? Naim Süleymanoğlu, agbérin ilẹ̀ Turkey tó díje láàárín àwọn tí kò ju 60 kg lọ, gbé 190 kg kọjá orí ní Òlíḿpíìkì Seoul lọ́dún 1988. Ó ju ìlọ́po mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ! Ibo ni ara yẹn padà sí?

Ẹni tó ní "ìsinmi" ti tó, kò tó. Lọ́sẹ̀ tí olùkọ́ bá dín ẹrù kù, agbérin ṣì ń lọ gbé irin, ó kàn fúyẹ́ ni. Ta ló wá ń sinmi níbẹ̀?

Ìtúnramú ni mo fara mọ́. Ẹ wo "tún" dáadáa. "Lẹ́ẹ̀kan sí i" wà nínú rẹ̀, "kó dára sí i" náà wà níbẹ̀: a ń tún ilé ṣe, a ń tún ọ̀nà ṣe. Ẹni tí a bá sì sọ fún pé kó túnra mú, ohun tí à ń wí ni pé kó ṣe ju ti àná lọ. Ẹ̀gbọ́n ní ti ọkàn nìyẹn, kì í ṣe ti iṣan. Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nìyẹn! Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni agbérin ní láti gbìyànjú ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú irú ìgbésókè méjì tó wà nínú ìdíje. Bí irin bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì tún jẹ́ pé òun ló kàn, ìṣẹ́jú méjì ló ní. Kò sẹ́ni tó máa bá a dín irin náà kù. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bọ́, kò ní àròpọ̀ ìgbésókè méjèèjì mọ́. Ohun tó ń ṣe láàárín ìṣẹ́jú méjì yẹn, kí lẹ fẹ́ pè é bí kì í bá ṣe pé ó ń túnra mú? Ohun tí ara rẹ̀ ń ṣe lóru náà nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ ọ́ pé ẹ ti ń kọ́ni ní gírámà kí àwa tó mọ̀wé kà. Òótọ́ ni, a sì ń jẹ nínú rẹ̀. Gírámà ìkọ́fẹpadà kò lábùkù, ìtumọ̀ rẹ̀ ni mò ń bá jà.

Ẹ tún jọ̀ọ́, ta ló kọ "ìjígbé" fún irin tí a gbé láti ilẹ̀ kọjá orí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo (snatch lédè Gẹ̀ẹ́sì)? Iṣẹ́ ajínigbé nìyẹn! Bó bá jẹ́ "já" ló fẹ́ kọ, kó kọ "já", nítorí fáwẹ̀lì kan yẹn ló sọ agbérin di olè. Síbẹ̀, ọwọ́ ẹlòmíì la ti ń já nǹkan gbà, a kì í já a gbà lọ́wọ́ ilẹ̀. Àgbélẹ́ẹ̀kan ló tẹ́ mi lọ́rùn, kí èyí tó kọ́kọ́ ń dúró lórí èjìká máa jẹ́ àgbéléjìká. Ẹ yọ orúkọ kẹta kúrò nínú àtòkọ yẹn pátápátá. Wọn kò fi títì irin sókè láìtẹ orúnkún díje nínú Òlíḿpíìkì mọ́ látẹ̀yìn Munich 1972.

Ẹni tó sì ní kí a fi ì- rọ́pò à- nínú àgbélẹ́ẹ̀kan kò tíì dá mi lóhùn. Ìgbékalẹ̀ ni ṣíṣe, àgbékalẹ̀ ni ohun tí a ṣe tó dá dúró. Àgbélẹ́ẹ̀kan ní òfin tirẹ̀, ó ní àmì-ẹ̀yẹ tirẹ̀ níbi ìdíje àgbáyé. Kí ló dé tí kò fi yẹ fún à-?