Ọkọ̀ apẹja Grimsby tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà: ìwé wo ni kí n wò?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ọkọ̀ apẹja tó ń fi èédú ṣiṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti tojú sú mi.

Màmá kan ládùúgbò wa ní Hull, nílẹ̀ England, ní kí n bá òun wá ọkọ̀ tí bàbá bàbá òun ti ń kó èédú síná. Fọ́tò kan ṣoṣo ló kù. GY, ìyẹn àmì ọkọ̀ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní èbúté Grimsby, hàn lára ọkọ̀ náà, àmọ́ àwọ̀n tí wọ́n so kọ́ bo nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò pé 1921, àti pé ọkọ̀ tó ń hú bọ́ǹbù lójú òkun nígbà ogun ni.

Ibẹ̀ gan-an ló ti le. Nígbà ogun yẹn, ìyẹn Ogun Àgbáyé Kìíní, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan oríṣi ọkọ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Castle, Mersey àti Strath rẹpẹtẹ, wọ́n fi orúkọ àwọn atukọ̀ tó jà ní Trafalgar lọ́dún 1805 sọ wọ́n. Ogun parí, wọ́n tà wọ́n fáwọn apẹja, ọ̀pọ̀ sì tún gba orúkọ mìíràn. Ọmọ kan, ìsọmọlórúkọ méjì!

Mo ti wo àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ti 1915, kò sí níbẹ̀. Mo dán nọ́ńbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó ṣeé ṣe wò, àmọ́ bí ọkọ̀ kan bá rì, wọ́n lè gbé nọ́ńbà rẹ̀ fún òmíràn.

Ìwé wo ló so nọ́ńbà GY ti 1919 sí 1923 pọ̀ mọ́ nọ́ńbà ìjọba tí kì í yí padà bí orúkọ bá tiẹ̀ yí? Ṣé Grimsby ló wà ni, àbí Kew, níbi tí wọ́n ń kó ìwé ìjọba pa mọ́ sí ní London?