Ẹ gbà mí o: ìwé wo ló dáa fún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì onítumọ̀ púpọ̀?

Àdùkẹ́: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. JAMB àbúrò mi ti wọlé dé, àwọn ọ̀rọ̀ òyìnbó tí ìtumọ̀ wọn pọ̀ ló ń dà á láàmú. Kí ni kí n rà? Kíákíá ni o.

Tíṣà Ọ̀yọ́: Atúmọ̀ èdè Oxford ti Hornby, èyí tí wọ́n ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́. Kó ṣí "charge": fóònù ń gba charge, ọlọ́pàá ń charge ọ̀daràn, lọ́yà ń charge owó. Gbólóhùn tó wà lábẹ́ ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan ni kó máa kà.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má fi í sí tutorial kankan o! Èyí tí mo fi ọmọ mi sí, àkọ́sórí ṣáá ni. Wọ́n ní "fine" ni kí nǹkan dáa, ó parí. Àyọkà wá ní adájọ́ "fined" awakọ̀ kan, ọmọ mi mú ìdáhùn tó ní adájọ́ yìn ín. Owó ìtanràn ni wọ́n bù fún un! Owó mi wọgbó, ọmọ sì ń sunkún.

Bàbá Rẹ̀mí: Ìyá Ìbejì, ṣé ti òkè ilé epo yẹn ni?

Ìyá Ìbejì: Ẹ má jẹ́ n dárúkọ wọn.

Ọmọ Ìbàdàn: Ìbéèrè àtijọ́ ni kó máa ṣe. 60 ni ìbéèrè Use of English, àyè atúmọ̀ èdè dà? Àwọn tó ń ṣe atúmọ̀ èdè Oxford ńlá ka ìtumọ̀ 645 fún "run" nìkan. Ta ló fẹ́ há ìyẹn sórí?

Tíṣà Ọ̀yọ́: Ta ló ní kó há a? Ọ̀rọ̀ tó yí i ká ló máa júwe rẹ̀. Ẹni tó "run a shop" kò sáré, ẹni tó "run out of petrol" náà kò sáré. Tí ìyẹn ò bá yé e, àṣìṣe kan náà ló máa fi ìbéèrè àtijọ́ ṣe láṣetúnṣe.

Ọmọ Ìbàdàn: Òun lèmi fi wọ yunifásítì, sà.

Ṣọlá Lọ́ńdọ̀nù: Kó ṣọ́ra fún "table" o. Lọ́dọ̀ wa níbí, tí wọ́n bá "table" ọ̀rọ̀ nípàdé, wọ́n gbé e kalẹ̀ fún ìjíròrò ni. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n sún un tì ni.

Bàbá Rẹ̀mí: Ohùn pípè ńkọ́? "Record" tí a tẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí a tẹ̀ níparí.

Àdùkẹ́: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti sanwó fún tutorial ẹ̀yìn ilé wa, wọ́n ń kọ́ wọn lálẹ́. Ìwé náà á dìgbà tí owó bá wọlé.

Ìyá Ìbejì: Háà, Àdùkẹ́! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ.