Ta ló ti sọ̀rọ̀ nípa fọ́tò rẹ̀ níwájú máìkì rí?

Òjìji Ọ̀sán
Ẹ̀yin onífọ́tò, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n pè mí sí ètò pọ́dkáàsì kan, kí n wá sọ̀rọ̀ nípa àwọn fọ́tò tí mo yà lọ́dọ̀ àwọn apẹja. Ohùn nìkan ni o. Kò sí fídíò, olùgbọ́ ò ní rí fọ́tò kankan. Báwo ni wọ́n ṣe ń fi ẹnu sọ ohun tí wọ́n fi ojú yà? Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bó ṣe lọ. Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀.

Arìnnà
Mo ti ṣe é. Kámẹ́rà wo ni mò ń lò, lẹ́ǹsì wo, ṣé fíìmù ni tàbí dìjítà, irú àpò wo ni mo fi ń gbé e: ohun tí atọ́kùn fi ìdajì àkókò wa bi mí nìyẹn. Mò ń dáhùn, inú mi ò sì dùn, torí mo mọ̀ pé ẹni tó ń gbọ́ ti ń sùn lọ. Ìgbà tó yá ló wá ní, "Kí lẹ̀ ń gbọ́ nígbà tí ẹ tẹ kámẹ́rà?" Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yọ. Ọ̀nà orí òkè ni mo ti ya fọ́tò yẹn, ọkọ̀ akẹ́rù kan kú, àwọn èèyàn ń tì í. Tí ẹ bá wo fọ́tò náà, ẹ máa rò pé gbogbo wọn ń pariwo. Rárá o. Wọ́n dákẹ́ jẹ́ẹ́ ni. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló ń kọrin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, òun ni àwọn yòókù fi ń mọ ìgbà tí wọ́n máa tì. Mi ò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni rí, torí kò sí nínú fọ́tò. Nítorí náà, àbúrò, má wulẹ̀ máa ka ohun tó wà nínú fọ́tò fún wọn. Ohun tí kámẹ́rà ò lè gbà ni kó o sọ.

Kò-Sí-Fíláàṣì
Má wọ jákẹ́ẹ̀tì ọlọ́rá. Gbogbo bó o bá ṣe ń mira ni máìkì máa gbọ́.

Baba Lẹ́ǹsì
Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, kó lọ gbọ́ Robert Capa, onífọ́tò ogun nì. Ètò rédíò àárọ̀ kan ní New York ni, 20 Oṣù Kẹwàá 1947, ní 2013 ni International Center of Photography gbé e jáde kí gbogbo wa lè gbọ́ ọ. Ọmọ Hungary ni, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń ta kókó, kò sì dí i lọ́wọ́. Ẹ gbọ́ bó ṣe sọ ìtàn fọ́tò ọmọ ogun Spéènì tó ń ṣubú, ti 1936. Ó ní inú kòtò ni òun àti àwọn jagunjagun wà, ìbọn arọ̀jò-ọta wà lórí òkè kejì, bí wọ́n bá ti jáde ni wọ́n ń kú. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, òun kàn na kámẹ́rà sókè kọjá orí òun, òun ò tiẹ̀ wò ó, òun tẹ̀ ẹ́. Fọ́tò tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nìyẹn o, ojú rẹ̀ ò sí níbẹ̀.

Ẹlẹ́rìí Kejì
Baba, ẹ kú ìgbàgbọ́ o 😂 Ṣé fọ́tò yẹn kọ́ ni José Manuel Susperregui, olùkọ́ yunifásítì kan ní Spéènì, fi àwọn òkè tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wé òkè ìlú Espejo níbẹ̀? Cerro Muriano ni wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n ti yà á. Nǹkan bí 50 kìlómítà ló wà láàrin méjèèjì, ó sì ní kò sí ìjà ní Espejo lásìkò náà. Kòtò wo, ìbọn wo?

Baba Lẹ́ǹsì
Mo mọ̀. Ṣé mo ní òótọ́ ni? Mo ní kó lọ gbọ́ béèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ẹlẹ́rìí Kejì
Wàhálà rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ la máa ń gbà gbọ́.

Yàrá Òkùnkùn
Ẹ fi Capa sílẹ̀. Dorothea Lange, onífọ́tò ará Amẹ́ríkà, ńkọ́? Fọ́tò ìyá àtàwọn ọmọ rẹ̀, Nipomo ní California, Oṣù Kẹta 1936, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ní 1960, Lange kọ ọ́ pé ìyá náà ti ta táyà mọ́tò rẹ̀ kó lè ra oúnjẹ. Òun náà ló sọ pé òun ò bi í ní orúkọ. Ó di 1978 kí ayé tó mọ̀ pé Florence Owens Thompson ni, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì ní àwọn ò ta táyà kankan, pé àwọn ò tiẹ̀ ní táyà tí àwọn lè tà. Lange ti kú láti 1965. Ta lẹ fẹ́ bi? Mi ò rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ o. Ó pàdé ìdílé yẹn fún ìgbà díẹ̀ ní 1936, ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn náà ló ń kọ ọ́. Bóyá táyà ẹlòmíì ló ń rántí.

Mo Kàn Ń Kọjá
Èmi kì í ṣe onífọ́tò, mo kàn máa ń ka ọ̀rọ̀ yín ni. Bàbá mi ni wọ́n yà. Mo ṣì kéré nígbà náà. Omi kún ojú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lérí. Fọ́tò yẹn ti dé ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò dé. Lọ́jọ́ kan, mò ń gbọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lórí fóònù, àfi bí mo ṣe gbọ́ tí onífọ́tò náà ń sọ ọ́. Ó ní bàbá àgbà kan ń sunkún ilé rẹ̀ tó jó, òun gbé kámẹ́rà sílẹ̀, òun dì mọ́ ọn. Ilé jó lóòótọ́. Bàbá mi ò sunkún. Èéfín ló wọ̀ ọ́ lójú, orí ń fọ́ ọ, ó sì ń bú wa pé a ò tètè gbé omi dé. Kò sí ẹni tó dì mọ́ ẹnikẹ́ni. Bàbá tèmi? Àjèjì wo ló tó bẹ́ẹ̀?

Kò-Sí-Fíláàṣì
"Ó sì ń bú wa" 😂😂😂

Arìnnà
Mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni mo wá ronú nípa gbogbo ìtàn tí mo ti sọ níwájú máìkì. Ta ló wà níbẹ̀ tó lè já mi ní koro?

Ẹlẹ́rìí Kejì
@Mo Kàn Ń Kọjá, ẹ má bínú o, ọmọdé ni yín nígbà náà. Ó lè jẹ́ pé ó sunkún lóòótọ́, tí kò fẹ́ kẹ́ ẹ rí i.

Mo Kàn Ń Kọjá
Èmi ni mo gbé garawa. Èmi gan-an ló ń bú.

Ẹlẹ́rìí Kejì
Ó dáa, mo túúbá.

Baba Lẹ́ǹsì
Ó lè má jẹ́ irọ́ o. Ẹni tó bá ti sọ ìtàn kan léraléra, bó ṣe sọ ọ́ kẹ́yìn ló ń rántí, kì í ṣe bó ṣe ṣẹlẹ̀. Àwọn atọ́kùn náà sì fẹ́ràn ibi tó bá ti ní omijé. Bí wọ́n bá ti mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìwọ náà á fi kún un nígbà míì.

Mo Kàn Ń Kọjá
Baba, mo gbọ́. Àmọ́ wọn ò pe bàbá mi sórí ètò kankan.

Yàrá Òkùnkùn
Ẹ wò ó, onífọ́tò kan tó ń jẹ́ Susan Meiselas ti yanjú èyí tipẹ́. Láàrin 1972 sí 1975 tó ń ya àwọn obìnrin tó ń bọ́ṣọ jó níbi àríyá ojú pápá ní Amẹ́ríkà, ó ń gba ohùn wọn sílẹ̀ pẹ̀lú. Ohùn àwọn obìnrin náà, ti àwọn ọ̀gá wọn, ti àwọn ọkùnrin tó sanwó wá wòran. Nígbà tó ṣe ìwé rẹ̀ ní 1976, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò. Ẹni tí wọ́n yà ló ń sọ tẹnu ara rẹ̀.

Ọlọ́nà-Jíjìn
Ẹ̀yin tó ń padà síbì kan náà lọ́dọọdún nìyẹn. Àwa tá à ń rìnrìn àjò ńkọ́? Mo dé ìlú lónìí, mo kúrò lọ́túnla, mi ò gbọ́ èdè wọn, wọn ò gbọ́ tèmi. Ẹ̀rín la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Ohùn wo ni kí n gbà sílẹ̀?

Yàrá Òkùnkùn
Tó ò bá gbọ́ èdè wọn, má sọ ohun tí wọ́n ń rò lórí rédíò. Ó tán.

Ọlọ́nà-Jíjìn
Ṣé mo ní mo sọ ọ́ ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ya "òtítọ́", ìgbéraga yín ti pọ̀ jù.

Arìnnà
Ẹ rọra. @Òjìji Ọ̀sán, ohun kan tí mo gbàgbé: ní kí wọ́n jẹ́ kó o gbọ́ ọ kí wọ́n tó gbé e jáde. Wọ́n gé gbogbo "ẹ̀ẹ̀ẹ̀n" mi kúrò, mo wá ń sọ̀rọ̀ geere. Ìyẹn dùn mọ́ mi. Àmọ́ wọ́n tún bi mí bóyá fọ́tò kan wà tí mi ò bá má yà. Mo dákẹ́ pẹ́ kí n tó ní rárá. Wọ́n gé ìdákẹ́jẹ́ yẹn dànù. Ẹni tó bá gbọ́ ọ báyìí á rò pé ọ̀rọ̀ náà ò tiẹ̀ dùn mí.

Ẹlẹ́rìí Kejì
Kí ló dé tí ti ìdákẹ́jẹ́ fi dùn yín, tí ti "ẹ̀ẹ̀ẹ̀n" ò dùn yín? Ní 2016 tí wọ́n rí i pé wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà pa èèyàn rẹ́ nínú àwọn fọ́tò kan tí Steve McCurry, gbajúmọ̀ onífọ́tò nì, yà, gbogbo wa la pariwo. Ó ní asọ̀tàn lòun, òun kì í ṣe oníròyìn, a ò gbà. Ó wá kan ohùn, ẹ ní kí wọ́n máa gé.

Kò-Sí-Fíláàṣì
"Ẹ̀ẹ̀ẹ̀n" kì í ṣe èèyàn.

Ẹlẹ́rìí Kejì
Ìgbà tí èèyàn ń wá ọ̀rọ̀ ló ń sọ ọ́. Ẹ gé e, ó wá dà bíi pé ọ̀rọ̀ ti wà lẹ́nu rẹ̀ látàárọ̀.

Baba Lẹ́ǹsì
Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé tèmi o. Mo ní púpọ̀.

Òjìji Ọ̀sán
Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo gba ohùn ara mi sílẹ̀ láti fi dánra wò, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fagi lé gbogbo ẹ̀. Ṣé bí ohùn mi ṣe tínrín tó nìyí?

Kò-Sí-Fíláàṣì
Gbogbo wa ni. Bó o bá ń sọ̀rọ̀, egungun orí rẹ ń gbé ohùn náà wọ etí láti inú, ìyẹn ló ń jẹ́ kó ki lójú ara rẹ. Máìkì ò ní egungun rẹ. Èyí tó tínrín yẹn la ti ń gbọ́ látọjọ́ yìí.

Òjìji Ọ̀sán
Háà. Mo ti bá atọ́kùn sọ ọ́ pé mo fẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn apẹja náà bá mi wá. Ó ní kò burú, àmọ́ máìkì kan ṣoṣo lòun ní.

Kò-Sí-Fíláàṣì
Ṣé èyí tó ń gbọ́ iwájú nìkan ni àbí èyí tó ń gbọ́ yíká? Tó bá jẹ́ èyí tó ń gbọ́ yíká, ẹ jókòó súnmọ́ra, ẹ pa fáànù. Tó bá jẹ́ ti iwájú, ẹni tó wà lẹ́yìn ò ní dún dáadáa.

Òjìji Ọ̀sán
Mi ò mọ̀, màá bi í.

Ọlọ́nà-Jíjìn
Ẹnikẹ́ni ò tíì dá mi lóhùn lórí ọ̀rọ̀ èdè o. Ẹni tó ní ògbufọ̀ tí kì í fi tiẹ̀ kún un, kó fi í hàn mí.