Ṣé òṣèlú ló ń fa máàkì fíìmù wálẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àbí fíìmù ọ̀hún ni kò dáa?

Akẹ́kọ̀ọ́Tíátà (Agbowó)

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹgbẹ́ òǹwòran kan nítòsí UI fẹ́ wo fíìmù Yorùbá kan pa pọ̀, ká sì jíròrò lé e lórí. Òṣèré tó ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn inú rẹ̀ polongo fún ẹgbẹ́ òṣèlú kan nígbà ìdìbò 2023. Máàkì fíìmù náà lórí IMDb, ìkànnì tí àwọn òǹwòran ti ń fún fíìmù ní máàkì láti 1 dé 10, kò tó 5 báyìí, bẹ́ẹ̀ àwọn tó wò ó ní sinimá ń yìn ín. Àwọn kan ní àwọn tínú ń bí sí òṣèré náà ló ń fi 1 gún un. Àwọn mìíràn ní ariwo lásán ni, pé fíìmù náà ni kò dáa.

Báwo lèèyàn ṣe ń mọ èyí tó jẹ́ òótọ́? Tá a bá sì fẹ́ gba máàkì tiwa lọ́wọ́ àwọn òǹwòran wa, bí èèyàn 40, báwo la ṣe máa ṣe é tí òṣèlú kò fi ní bà á jẹ́? Ẹ dákun, kí a má dárúkọ òṣèré náà, kó má di ìjà.

Oníṣirò Mọ́kọ́lá

Àbúrò, gbàgbé máàkì àpapọ̀ ná. Tẹ orí máàkì náà kí ojú ewé tó ń fi iye ìbò hàn láti 1 dé 10 lè ṣí. Ọ̀pá mẹ́wàá lo máa rí níbẹ̀, ọ̀kan fún máàkì kọ̀ọ̀kan. Táwọn èèyàn bá wo fíìmù tí wọ́n sì dìbò bó ṣe rí lójú wọn, ìbò sábà máa ń pọ̀ láàárín 5 sí 8, á wá máa dín kù bó ṣe ń lọ sí ìkángun méjèèjì. Tí ọ̀pá 1 àti ọ̀pá 10 bá ga ju gbogbo ti àárín lọ, ìjà ni wọ́n ń jà níbẹ̀, fíìmù kọ́.

Jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ. Ìbò 300. Èèyàn 120 fún un ní 1, 60 fún un ní 10, 120 tó kù wà láàárín 2 sí 9, ìpíndọ́gba tiwọn sì jẹ́ 5.8. Tó o bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀, 4.7 lo máa rí. Tó o bá yọ 1 àti 10 kúrò pa pọ̀, ó ku 5.8, ìyẹn fíìmù tó ṣeé wò tí kò mú ariwo dání. Ṣùgbọ́n tó o bá yọ 1 nìkan tó o fi 10 sílẹ̀, ó di 7.2. Ibẹ̀ làwọn olólùfẹ́ òṣèré ti máa ń tan ara wọn jẹ. Ẹni tó fún fíìmù ní 10 torí pé ẹgbẹ́ kan náà lòun àti òṣèré ń ṣe, òṣèlú lòun náà ń ṣe. Àwọn mọ̀lẹ́bí àtàwọn tó bá wọn ṣiṣẹ́ fíìmù náà wà nínú 10 yẹn pẹ̀lú, tá a bá fẹ́ sòótọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, wo ọjọ́. IMDb ní fáìlì ọ̀fẹ́ kan, title.ratings.tsv.gz, tí wọ́n máa ń tún gbé jáde lójoojúmọ́. Máàkì àti iye ìbò fíìmù kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀. Ọ̀pá 1 dé 10 kò sí níbẹ̀, ìyẹn di ohun tí wàá máa fọwọ́ kọ láti ojú ewé. Kọ iye náà sílẹ̀ lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tí ìbò bá ti ń wọlé ní márùn-ún mẹ́fà lóòjọ́, tó wá ṣàdédé di 90 lọ́jọ́ kejì tí òṣèré náà sọ̀rọ̀ òṣèlú, tí fíìmù kò sì sí ní sinimá mọ́, o ti rí ohun tó ò ń wá. Tó bá jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé e sórí YouTube tàbí Netflix ni ìbò fò sókè, òǹwòran tuntun ló dé yẹn.

Má sì gbàgbé pé fíìmù tí ìbò rẹ̀ kéré kò gba agbára láti dà. Fíìmù tó ní ìbò 200 pẹ̀lú ìpíndọ́gba 7: tí èèyàn 100 láti inú ẹgbẹ́ WhatsApp kan bá fún un ní 1, ó di 5. Èèyàn 100 yẹn kan náà, tí wọ́n bá kọlu fíìmù tó ní ìbò 200,000, 7 á di 6.997. Ìdí nìyí tí fíìmù tiwa fi máa ń fara gbá a ju ti Amẹ́ríkà lọ.

Ohun kan tó lè da ìṣirò rẹ rú: máàkì tí IMDb ń gbé jáde kì í ṣe ìpíndọ́gba lásán, wọ́n máa ń wọ̀n ìbò kí wọ́n tó kà á (ìbò kan lè wúwo ju òmíràn lọ), wọn kì í sì í sọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n gan-an. Tí wọ́n bá fura sí ìbò, wọ́n lè yí ìwọ̀n náà padà, wọ́n á sì kọ ọ́ sójú ewé fíìmù náà. Wo ibẹ̀ dáadáa.

Bọ̀dá Dùgbẹ̀

Oníṣirò ti sọ ọ́ kúnná. Ẹ wo The Promise, fíìmù lórí ìpakúpa àwọn ará Armenia nílẹ̀ Turkey àtijọ́. Wọ́n fi hàn níbi àjọ̀dún fíìmù Toronto lóṣù Kẹsàn-án 2016, ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ péré. Kó tó bọ́ sí sinimá Amẹ́ríkà lóṣù Kẹrin 2017, ó ti ní ìbò tó ju 50,000 lọ lórí IMDb, 1 àti 10 ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Gbọ̀ngàn tó máa gba èèyàn tó pọ̀ tó yẹn ní Toronto dà? Ìṣirò àkọ́kọ́ tó yẹ kéèyàn ṣe nìyẹn: ibo ni wọ́n ti fi fíìmù yìí hàn, ìjókòó mélòó ló wà níbẹ̀, ṣé ìbò tó wà níbí kò ju ìjókòó lọ?

Lọ́dún 2018, àwọn kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí Facebook láti já máàkì òǹwòran fíìmù Black Panther wálẹ̀ lórí Rotten Tomatoes, ìkànnì máàkì fíìmù mìíràn, Facebook sì pa ojú ewé wọn rẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Rotten Tomatoes kò gba ọ̀rọ̀ àwọn òǹwòran sílẹ̀ mọ́ kí fíìmù tó jáde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya máàkì ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí Fandango, ìkànnì tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì sinimá ní Amẹ́ríkà, sọ́tọ̀. Fandango kì í ta tíkẹ́ẹ̀tì sinimá Palms ní Ring Road, torí náà òǹwòran Ìbàdàn kò lè wọ inú ẹ̀rí yẹn bó ti wù kó rí.

Ẹ tún mọ ohun tí ìdá ọgọ́rùn-ún òǹwòran lórí Rotten Tomatoes túmọ̀ sí. Iye àwọn tó fún un ní ìràwọ̀ 3.5 sókè nínú 5 ni. Tí gbogbo èèyàn bá fún fíìmù kan ní 3.5, ó gba 100. Tí gbogbo wọn bá fún un ní 3, òdo ló gbà. Ẹni tínú ń bí sí òṣèré kò ní láti fi 1 gún fíìmù. Kó ṣáà yọ ìdajì ìràwọ̀, ìbò rẹ̀ ti kọjá sí òdìkejì. Irú èyí kì í hàn nínú ọ̀pá 1 àti 10 tí Oníṣirò ń sọ.

Àǹtí Bódìjà

Ọ̀gá Oníṣirò, mo gbà pẹ̀lú yín dé àyè kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀ ń fi òṣèlú bo àṣìṣe àwọn tó ń ṣe fíìmù mọ́lẹ̀. Ohùn tí jẹnẹrétọ̀ ń bò, orin tó pariwo ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ, ìtàn tí wọ́n gé láàárín kéèyàn lè lọ wo apá kejì: èyíkéyìí nínú wọn tó láti mú kí ẹni tó sanwó tẹ 1 pẹ̀lú ìbínú. Ọ̀pá 1 tó ga kò fi òṣèlú hàn fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ fíìmù ni kẹ́ ẹ lọ kà.

Lórí YouTube, iye àwọn tí kò fẹ́ràn fíìmù ti di ohun tí gbogbo èèyàn kò lè rí mọ́ láti oṣù Kọkànlá 2021, torí náà ọ̀rọ̀ náà ló kù. Àbúrò, to ọ̀rọ̀ náà kí tuntun ṣáájú, mú 50 tẹ̀ léra láìṣa, kí o sì pín wọn sọ́nà mẹ́ta nínú ìwé: ọ̀rọ̀ tó mẹ́nu ba nǹkan inú fíìmù (ìran kan, ohùn, ìparí ìtàn), ọ̀rọ̀ tó mẹ́nu ba òṣèlú tàbí ẹ̀yà, àti èyí tí kò mẹ́nu ba èyíkéyìí. Fún ẹlòmíì ní 50 yẹn kan náà kó pín in láìrí tìrẹ. Tí ẹ bá yàtọ̀ lórí èyí tó ju mẹ́wàá lọ, ẹ kò tíì fẹnu kò lórí ohun tí ẹ̀ ń kà. Ẹ tún ìlànà yín kọ. Tẹ́ni tó ń bú fíìmù kò bá lè dárúkọ ìran kan ṣoṣo, mi ò gbà pé ó wò ó.

Ní tèmi o, ibi tí òṣèlú ti lágbára jù ni ẹni tó máa wá dìbò. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wo fíìmù tán, wọ́n á lọ sùn. Ẹni tí nǹkan ń dùn nínú ni kì í sùn. Ẹ sì wo Half of a Yellow Sun, fíìmù lórí ogun abẹ́lé Nàìjíríà: ó ti jáde ní Toronto lọ́dún 2013, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò sì dá a dúró nílẹ̀ yìí lóṣù Kẹrin 2014, oṣù Kẹjọ ló tó wọ sinimá wa. Àwọn ará òkè òkun ló kọ́kọ́ láǹfààní láti fún un ní máàkì, kì í ṣe àwa tí ogun abẹ́lé jẹ́ ìtàn wa.

Akẹ́kọ̀ọ́Tíátà (Agbowó)

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Nípa èèyàn 40 tiwa, ṣé kí n bi wọ́n ní ẹgbẹ́ òṣèlú tí wọ́n ń ṣe?

Oníṣirò Mọ́kọ́lá

Rárá o. Tó o bá bi wọ́n bẹ́ẹ̀ níbi ìwòran, ìdajì á fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, ìdajì á máa wo ojú ara wọn. Béèrè èyí: “Ṣé o mọ̀ pé òṣèré yìí polongo fún ẹgbẹ́ kan? Ṣé inú rẹ dùn sí i, kò dùn sí i, àbí kò kàn ọ́?” Kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé, kí wọ́n lè ti kọ máàkì tán níwájú kí wọ́n tó ṣí i. Tó o bá béèrè òṣèlú ṣáájú, o ti ran wọ́n létí ohun tí o kò fẹ́ kí wọ́n fi dìbò.

Ṣẹ́ ìwé A4 kan sí mẹ́rin. Má gba orúkọ. Kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kọ máàkì tí wọ́n rò pé àwọn máa fún un sí igun òkè. Lẹ́yìn fíìmù, kí wọ́n fún ìtàn, ìṣeré, ohùn àti àpapọ̀ ní máàkì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, 1 sí 10. Ohùn yẹn ṣe pàtàkì, torí sípíkà kan náà ni gbogbo wọn gbọ́. Tí àwọn tínú wọn kò dùn bá fún ohùn ní 3, táwọn yòókù fún un ní 7, kì í ṣe etí ni wọ́n fi dìbò. Gba gbogbo ìwé sínú páálí tó o ti lẹ̀ pa kí ìjíròrò tó bẹ̀rẹ̀, torí tí ẹni àkọ́kọ́ bá ti sọ̀rọ̀ tán, máàkì àwọn tó kù ti di tirẹ̀.

Èèyàn 40 kéré o. Ká ní wọ́n pín sí 20-20, tí máàkì wọn sì fọ́n ká bíi 2 sókè sódò, ìyàtọ̀ tí kò bá tó nǹkan bíi 1.3 lè jẹ́ èèṣì lásán. Tó o bá fẹ́ rí ìyàtọ̀ ìdajì máàkì kó o sì lè fọwọ́ sọ̀yà, o máa nílò bí èèyàn 250 ní ìhà kọ̀ọ̀kan.

Àǹtí Bódìjà

Kí wọ́n wo fíìmù kejì pẹ̀lú, èyí tí òṣèré rẹ̀ kò dá sí òṣèlú rárá, kí àwọn èèyàn yẹn kan náà fún un ní máàkì. Ó lè jẹ́ pé àwọn tínú wọn kò dùn yẹn kàn le lọ́wọ́ ni. Tí wọ́n bá fún fíìmù kejì ní 6 táwọn yòókù fún un ní 7, wọ́n ń fi 1 dín sí tàwọn yòókù níbi gbogbo. Tí wọ́n bá wá fún fíìmù àkọ́kọ́ ní 4, táwọn yòókù tún fún un ní 7, máàkì 2 nínú 3 tó wà láàárín wọn ni kí ẹ wá kà sí òṣèlú lọ́rùn.