Ọ̀wọ́n gógó yìí: ta ni ká kọ́kọ́ ràn lọ́wọ́, èló sì ni ká yà sọ́tọ̀?

Olùkọ́bìnrin Mọ́níyà:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń fa àríyànjiyàn láàrin èmi àti baálé mi láti ìgbà tí ilé ìwé ti wọlé, mo sì fẹ́ kí ẹ bá wa dá sí i. Olùkọ́ ni mí ní ilé ìwé girama ìjọba kan ní Ìbàdàn, iṣẹ́ káfíńtà sì ni baálé mi ń ṣe. Bí wọ́n bá ti yọ owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kúrò, ohun tó ń wọlé sí mi lọ́wọ́ lóṣooṣù kò ju ₦118,000 lọ. Ti baálé mi kò ṣeé gbára lé, nítorí láti ìgbà tí pákó ti di ọ̀wọ́n, àga tó ti ya ni àwọn ènìyàn ń gbé wá fún àtúnṣe, wọn kò ṣe tuntun mọ́. Ọmọ mẹ́ta ni a bí, gbogbo wọn ló sì ń lọ sí ilé ìwé.

Ohun tó gbé wa débí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Kí Ààrẹ Tinubu tó kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, kò tó ₦200 tí à ń ra lítà epo bẹntiróò kan. Kí oṣù Keje ọdún yẹn tó parí, ó ti kọjá ₦600, nígbà tí ọdún 2024 sì ń lọ sópin, ó ti wà ní agbègbè ₦1,000. Ọkọ̀ Mikrà tó ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́ ní ₦200 nígbà yẹn ń gba ₦700 báyìí. Ìyẹn náà, a ti ń fara dà á. Ohun tí n kò mọ bí mo ṣe lè fara dà ni pé bí agbára owó wa ṣe ń dín kù ni iye àwọn tó ń wojú wa ń pọ̀ sí i.

Màmá mi wà ní Ìsẹ́yìn, wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n ti dá àbúrò mi ọkùnrin dúró níbi iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n baálé mi obìnrin jẹ́ opó tó ní ọmọ méjì, àkàrà ló ń dín tà, ṣùgbọ́n ìtajà rẹ̀ ti wà ní títì láti oṣù mélòó kan. Aládùúgbò wa kan ń yá gàrí lọ́wọ́ mi ní gbogbo ìparí ọ̀sẹ̀. Nínú kíláàsì mi, àwọn ọmọ méjì kan wà tí mo mọ̀ pé wọn kì í jẹun kí wọ́n tó wá, nítorí náà mo máa ń ra búrẹ́dì dání. Ní oṣù tó kọjá, nígbà tí mo jókòó ṣe ìṣirò, mo rí i pé ₦41,000 ló ti jáde díẹ̀díẹ̀ láì jẹ́ pé a pinnu rẹ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ 19, èmi gan-an ni mo lọ yá owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi.

Baálé mi ní kí á má fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ títí a ó fi san owó ilé ìwé àwọn ọmọ tán. Èmi ní n kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ẹ̀yin ṣe ń ṣe é nínú ilé yín?

Bàbá Fẹ̀yìntì, Òṣogbo:

Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìrọ́jú. Ìṣirò ni mo fi ọdún 31 kọ́ àwọn ọmọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀: ₦41,000 nínú ₦118,000 ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Kò sí ilé olówó oṣù tó lè máa fi ìdá kan nínú mẹ́ta ta ọrẹ kí ó má di ẹni tí àwọn ẹlòmíràn náà ń ta lọ́rẹ. Baálé yín kò jẹ̀bi ní ti ìbẹ̀rù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpinnu rẹ̀ ti le jù.

Ní ọdún 1986 tí ìjọba Babangida gbé ètò SAP, ìyẹn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, dé, mo ń kọ́ ilé lọ́wọ́, mo kọ́ ọ dé ojú fèrèsé, ibẹ̀ ló sì dúró sí fún ọdún mẹ́sàn-án. Àwọn àbúrò ìyàwó mi mẹ́ta ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Kì í ṣe oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ ló fẹ́ pa wá bí kò ṣe pé n kò sọ iye tí mo ń gbà fún wọn. Gbogbo ìgbà tí mo bá ní kò sí, wọ́n rò pé ahun ni mo ń ṣe. Ní ọjọ́ kan, ìyàwó mi pè wọ́n jókòó, ó sì tẹ́ ìwé owó oṣù mi sílẹ̀ níwájú wọn. Ọ̀kan nínú wọn lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lébírà ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Èkejì bínú sí mi fún ọdún méjì gbáko, kí n má purọ́.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá sílẹ̀, ìyẹn nǹkan bí ₦12,000, kí oògùn ìyá yín sì ṣáájú nínú rẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń lò lóṣù yìí kí ó sì fo oṣù tó ń bọ̀; bí ó bá di àrùn rọpárọsẹ̀, ẹ̀yin náà ni ẹ ó tún san èyí tó pọ̀ jù ú lọ. Ẹ má sì yá ẹbí lówó. Ẹ fún wọn ní èyí tí ọkàn yín lè gbàgbé, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ̀bùn ni.

Ìyá Elẹ́wà, Bódìjà:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti ń ta ẹ̀wà àti gàrí ní ọjà Bódìjà láti ọdún 2004, mo sì fẹ́ sọ ohun tí àwa oníṣòwò ń rí. Àwọn oníbàárà máa ń bi wá pé kí ló dé tí ẹ̀wà fi wọ́n báyìí, bí ẹni pé àwa la gbé e pamọ́. Òkè Ọya lọ́hùn-ún ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, ọkọ̀ àjàgbé tó ń gbé e sì ń mu dísù. Ní àwọn apá ibì kan, àwọn àgbẹ̀ kò lè dé oko wọn nítorí àwọn agbébọn. Àkókò tó máa ń rọ̀ díẹ̀ ni ìgbà tí ẹ̀wà tuntun bá dé, láti nǹkan bí oṣù Kẹwàá lọ. Bí ẹ bá lè pa owó pọ̀ ní ẹni mẹ́rin, kí ẹ ra àpò kan nígbà náà kí ẹ sì fi kóńgò wọ̀n ọ́n pín, ẹ ó rí èrè rẹ̀ gidi. Ẹ sá a dáadáa, ẹ rọ ọ́ sínú ike tó ní ìdérí, ẹ fi ata gbígbẹ sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi oògùn apakòkòrò sí ohun tí ẹ máa jẹ.

Ní ti ìrànlọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mo ti rí lójú ara mi. Ìwé awìn mi ti nípọn ju bó ṣe rí ṣáájú ọdún 2023 lọ fíìfíì. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ: télọ̀ wà níbẹ̀, olùkọ́ wà níbẹ̀, ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan máa ń wá sọ́dọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan lóṣù, yóò ní kí n má dárúkọ òun, yóò sì béèrè iye tí ìyá kan tàbí méjì ní àdúgbò wọn jẹ mí, yóò san án. Bí ìyá náà bá dé, èmi yóò kàn sọ pé kò sí gbèsè lọ́rùn rẹ̀ mọ́. Ìyá àgbà kan sunkún nínú ìsọ̀ mi ní ọjọ́ tí mo sọ fún un, ó ní ọ̀nà ẹ̀yìn ọjà lòun ti ń gbà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n má baà rí òun. Ẹ wò ó, ẹni tó bá jẹ gbèsè oúnjẹ kò lè rà lọ́wọ́ ẹni tó jẹ lówó, kò sì ní owó tí yóò fi ra níbòmíràn. Aládùúgbò yín tó ń yá gàrí, ó lè jẹ́ irú ohun tó ń lé e káàkiri nìyẹn.

Ọmọ Ìkọ̀lé, Manchester:

Mo kí ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí láti òkèèrè. Ṣáájú oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báńkì. Nígbà tó fi di oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500, pọ́n-ùn náà sì gun òkè bákan náà. Àwọn ará ilé rò pé èyí sọ èmi di ọlọ́rọ̀. Wọn kò rí i pé níbí náà, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, iye tí ọjà fi gbówó lórí láàrin ọdún kan dé ìdá 11.1 nínú ọgọ́rùn-ún, irú èyí tí wọn kò rí láti nǹkan bí ogójì ọdún, owó gáàsì àti owó ilé sì gòkè.

Mo fẹ́ fi àṣìṣe mi kan kọ́ yín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ilé ìwé àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tààrà fún ilé ìwé, nítorí mo fura pé ó ń ná an sí nǹkan mìíràn. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo dá. Ọdún kan ni ẹ̀gbọ́n mi fi yẹra fún ìpè mi. Nígbà tí a padà sọ̀rọ̀, ó ní lójú àwọn ọmọ òun, èmi ni mo di bàbá wọn. Owó tí mo rò pé ó ń ná ní ìnákúnàá, oògùn ìyàwó rẹ̀ ló fi ń rà, ojú sì ń tì í láti sọ. Láti ìgbà náà, ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń fi owó sí. Nítorí náà, Bàbá Fẹ̀yìntì, mo gba ọ̀rọ̀ yín lórí iye, ṣùgbọ́n pípe àgbàlagbà jókòó láti ka ìwé owó oṣù fún wọn, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí díẹ̀.

Àlàájà, Abẹ́òkúta:

Mo wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń pín sàká ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Ìdá kan nínú ogójì owó tó bá tó sàká yọ, tó sì lo ọdún kan lọ́wọ́ ẹni, ni òfin ní kí á mú jáde, oríṣi ènìyàn mẹ́jọ sì ni Kùránì kà pé ó tọ́ sí. Ohun tó wú mi lórí nínú ọ̀rọ̀ Ìyá Elẹ́wà ni pé onígbèsè wà lára àwọn mẹ́jọ náà, bẹ́ẹ̀ sì ni àwa kì í sábà rántí rẹ̀. Ìrẹsì ni a máa ń sáré rà.

Tẹ́lẹ̀, a máa ń pe gbogbo ènìyàn wá síwájú mọ́ṣáláṣí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọmọdé 35 kú nínú ìtìjù èrò ní Baṣọ̀run ní Ìbàdàn, níbi àríyá ọdún tí wọ́n ti ṣèlérí ẹ̀bùn fún wọn. Ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Àbújá àti ní Òkìjà níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ. A kò pe èrò jọ mọ́. A ní ìwé orúkọ, àwa obìnrin ló ń gbé e lọ sí ojúlé kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, a kì í sì í ya fọ́tò. Olùkọ́, ẹ bi ìyá àwọn ọmọ méjì inú kíláàsì yín léèrè, kí ẹ tó máa ra búrẹ́dì lọ títí, bóyá wọ́n ní ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí. Kò yẹ kí ẹrù yẹn dá lé yín lórí.

Olùkọ́bìnrin Mọ́níyà:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka àwọn èsì náà sí baálé mi létí, ó sì gba ₦12,000 náà. Oògùn Màmá ni yóò kọ́kọ́ jáde nínú rẹ̀. N kò tíì mọ ohun tí mo máa sọ fún àbúrò mi. Mo ń bẹ̀rù irú ìbínú ọdún méjì tí Bàbá sọ.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni ti ẹ̀gbọ́n baálé mi. Nígbà tí a lọ bá a ní ọjọ́ Àìkú, a ti mú ₦5,000 dání, ṣùgbọ́n nítorí ọ̀rọ̀ ará Manchester, a kọ́kọ́ béèrè ohun tó nílò. Ó ní onílé ti sọ owó ìtajà òun di ìlọ́po méjì, òun kò sì rí ibi gbé agbada kalẹ̀. Bí a bá lè jẹ́ kí òun máa dín àkàrà níwájú ilé wa láràárọ̀, òun kò béèrè nǹkan mìíràn. Kíá ni baálé mi lọ wá pákó tó ṣẹ́ kù sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì ti kan tábìlì kan fún un. Ìyá Elẹ́wà, ó ní kí n bá òun béèrè lọ́wọ́ yín bóyá ẹ lè fún òun ní ààbọ̀ àpò ẹ̀wà, kí òun san ìdajì owó rẹ̀ báyìí, kí ìyókù sì dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá.

Ìyá Elẹ́wà, Bódìjà:

Kí ó má tíì gbé ààbọ̀ àpò. Kí ó wá mú kóńgò mẹ́wàá ná, kí á fi wo bí àkàrà yóò ṣe tà ní àdúgbò yẹn, nítorí kòkòrò ti ń mú ẹ̀wà àsìkò yìí. Kí ó wá ní ọjọ́ Ọjọ́rú kí ọjà tó kún, kí ó sì sọ pé olùkọ́ Mọ́níyà ló rán òun.